Ẹyin Lohùn, Ṣùgbọ́n A Ti Ní Bọ́tìnnì

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa ọmọ ayé òde òní rẹ́rìn-ín. A ní wọn ò mọ WhatsApp ni. Láti ọdún 2017 la ti ní bọ́tìnnì tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lójú ẹni tá a fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tó di 2023, wọ́n tún fún wa ní ìṣẹ́jú 15 ká lè máa tún èyí tá a ṣì kọ ṣe. Ẹyin já bọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀ mọ́! Ta ló tún ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́?

Ẹ wo gúrúùpù ẹbí tí wọ́n ti ń dáwó ọjọ́ ìbí Màmá. Ẹ̀gbọ́n àgbà ò tíì san tirẹ̀. Àbúrò ì bá kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, owó alásè ló kù, tiyín là ń retí." Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́tìnnì wà, ẹ̀rù kí ni yóò bà á? Ló bá kọ ọ́ pé: "Àwọn tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò rówó ná sórí ìyá tó bí wọn." Kò pẹ́, àyà rẹ̀ já, ó sáré pa á rẹ́.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, ó ti fi ṣọwọ́ sí ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ti àwọn tí kò tiẹ̀ rí i kà ló wá burú jù, nítorí fóònù fi àmì sílẹ̀ pé wọ́n pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀, kálukú sì ń fi èrò ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Àǹtí tó wà ní London gbà pé òun ni wọ́n bú, ó ti kúrò ní gúrúùpù.

"Kí lo pa rẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́."

Èyí tí àbúrò ì bá kọ àti èyí tó kọ, owó kan náà ni gbólóhùn méjèèjì ń béèrè, iye dátà kan náà ni wọ́n sì ń jẹ. Àmọ́ ọ̀kan pe ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀gbọ́n, ó sọ ohun tówó fẹ́ ṣe. Èkejì ti dá a lẹ́bi kó tó tọrọ kọ́bọ̀. Ẹni tá a tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè yọwó. Ẹni tá a bú, èsì èébú ni yóò wá kiri.

Bí wọ́n bá ṣe bọ́tìnnì tó ń pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀gbọ́n ẹni, kí wọ́n tètè kéde. Kí ó tó dé, "ẹ jọ̀ọ́" ò wọ́n lọ́jà.