Ọyẹ́ Ò Tíì Jẹ́ Kí Ẹ Wẹ̀, Ẹ Ń Lọ Sílé Yìnyín

Ní Sátidé tó kọjá, mo rí ẹnì kan lẹ́bàá àpáta Olúmọ, díẹ̀ ló kù kí n pariwo pé wèrè dé. Pákó gígùn méjì ló so mọ́ bàtà, igi mọ́ọ̀pù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí erùpẹ̀ pupa bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjemọ̀ tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó yíjú ni mo rí i pé télọ̀ wa ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?"

Ó ní kò sí, ìdánrawò ni.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ti pẹ́ ní Nọ́wè ló kó bá wa. Ó wálé ṣọdún Kérésì, ó mu ẹmu yó, ó ní ká wá bá òun ní oṣù Kẹta, ká jọ fi ọjọ́ márùn-ún la aginjù Finnmark já, lókè téńté ayé lọ́hùn-ún, lórí pákó tí wọ́n ń pè ní ski. Kò sí ọ̀nà, kò sí ilé, kò sí oníbúrẹ́dì. Ẹrù ẹni lèèyàn ó máa fi okùn wọ́ lórí yìnyín, inú àgọ́ ni a ó máa sùn. Ó yẹ ká mú ife kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, télọ̀ ní òun ń lọ, tíṣà ní òun ń lọ, Àlhájì ní bí ẹran ibẹ̀ bá ti jẹ́ hálálì, òun ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn arìnrìn-àjò wa. Télọ̀: bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, omi ìwẹ̀ rẹ̀ a máa hó ju omi ọkà lọ, èyí náà sì di ọjọ́ tó bá wẹ̀. Tíṣà: láti Ìjemọ̀ dé Ìtòkú, ọ̀kadà ni yóò gùn, á sì tún yọwó. Ọ̀rẹ́ wa ní kìlómítà 15 la ó máa rìn lójúmọ́. Àlhájì ní tirẹ̀ sọ fún gbogbo ayé pé òun gun Olúmọ dé òkè, mítà 137. Àlhájì, láti ojú òkun ni wọ́n ti wọn iye yẹn, kì í ṣe láti ìdí àpáta. Líìfù lẹ sì bá gòkè.

Ní Karasjok, nínú Finnmark yìí kan náà, òtútù bọ́ sí 51.4 lábẹ́ òdo ní ọdún 1886. Ọyẹ́ tiwa kì í dé ìtòsí òdo rárá, síbẹ̀ a ti ń fi òrí kun ètè bí ẹni ń kun ògiri.

Tíṣà kò gbà. Ó ní ará ilé wa ti ṣe é rí. Ó mú Tété-Michel Kpomassie jáde, ọmọ Tógò tó rí ìwé kan nípa ilẹ̀ yìnyín ní Lomé nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì ń wá ọ̀nà ibẹ̀ káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi dé Greenland ní 1965. Ajá fa ọkọ̀ rẹ̀, ó bá wọn jẹ ọ̀rá ẹja àbùùbùtán, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé ní 1981. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin ni Kpomassie, kò sí róòbù lórúnkún rẹ̀.

Télọ̀ náà já wọ̀ ọ́: Seun Adigun ńkọ́? Ṣebí pákó ló kọ́kọ́ fi kan ọkọ̀ yìnyín tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí òun àti Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga tó gbé àsíá Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang ní 2018? Kí ló wá ṣe pákó tòun? Mo ní ẹ̀gbọ́n, Adigun ti sáré fífo igi ní Òlíḿpíìkì London ní 2012. Ohun tí ẹ̀yin fò kẹ́yìn ni gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ò sì fò ó dé òdìkejì.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tún dé. Télọ̀ fẹ́ fi àdìrẹ Ìtòkú rán kóòtù, kó ki fóòmù sí i nínú. Ọ̀rẹ́ wa pariwo lórí fóònù pé òwú ò dára níbẹ̀: ó ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, bí èèyàn bá sì dúró, òógùn yẹn ló máa pa á. Irun àgùntàn ni ká wọ̀, ká sì máa rìn jẹ́jẹ́ ká má bàa làágùn. Tíṣà ní èyí rọrùn, láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun ò làágùn rí.

Oúnjẹ nìkan ni mo ti fara mọ́ wọn. Oúnjẹ gbígbẹ nínú ọ̀rá làwọn aláwọ̀ funfun ń gbé, kí wọ́n má bàa máa wọ́ omi kiri. Kí ni gàrí tún jẹ́? Ẹ̀gúsí lílọ̀, ẹja gbígbẹ, kúlíkúlí, ó parí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí omi lèèyàn dúró sí, kò sì rí omi mu; sítóòfù ló gbọ́dọ̀ fi yọ́ yìnyín. Àlhájì tó ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru béèrè ibi tó máa gbà jáde. Wọ́n ní ìgò kan wà fún un nínú àgọ́. Kó ṣáà sàmì sí i, kó má lọ di ìgò omi mímu.

Ní Ọjọ́rú, tíṣà ní ká lọ dán ara wò nínú yàrá yìnyín obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì ní Kútọ̀. Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó wò wọ́n lókè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìyàwó yín mọ̀ pé ẹ wá síbí?" Wọ́n wọlé. Ìṣẹ́jú méjì, eyín télọ̀ ń lu bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, tíṣà jáde, ó ní ipè wọlé sórí fóònù òun. Fóònù náà wà lọ́wọ́ mi. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, Àlhájì jáde ní tirẹ̀ pẹ̀lú páálí ẹja Títù lábẹ́ abíyá, ó ti dúnàádúrà tán nínú òtútù, ó ní òpin oṣù lòun ó sanwó.

Ẹ ó ní èmi ńkọ́? Èmi ni mo ń ka ìṣẹ́jú fún wọn, níta, nínú oòrùn, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn.