Irun Tó Kan Bàdí Kí Ọdún Tó Parí

O ti pinnu pé irun rẹ gbọ́dọ̀ gùn, kó kan bàdí, kó má sì já. Ìpinnu gidi ni. Irun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè dí ọ lọ́wọ́, torí bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré ló ń gùn lóṣù. Kó tó ti orí dé bàdí, á tó ọdún márùn-ún ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ oṣù Kejìlá yìí ni ìgbéyàwó àbúrò rẹ. Ṣe bí mo bá ṣe sọ.

1. Sá fún òwú. Bí ìyá àgbà bá ní àwọn fẹ́ fi òwú dúdú kó irun rẹ, kí wọn, kó o sì wábi gbà. Lóòótọ́, òwú ń na irun láìfi iná kàn án. Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn: kò wọ́n, kò sì dunni. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ò ń ṣe nǹkan kan? Òrí àti àdí àgbọn náà, fi wọ́n sílẹ̀ fún wọn.

2. Fi rìlásà sí i. Sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ó dájú pé á ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kó o dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó o tó tún un fi, wọn ò mọ ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ. Tún un fi lọ́sẹ̀ kẹta. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, fi èékánná họ orí rẹ dáadáa, kí rìlásà lè ríbi wọlé. Bó bá ń ta ọ́, dákẹ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìgbà tí omi bá bọ́ lójú rẹ ni kó o tó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. (Ìgbà yẹn náà ni ọmọṣẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kànga.)

3. Dì í kó le. Má gba ṣùkú ẹlẹ́sẹ̀ ńlá. Èyí tó tín-ínrín bí òwú ìránṣọ ni kó o béèrè, kí wọ́n so atáṣímẹ́ǹtì tó kan bàdí mọ́ ọn, kí irun méje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ lè rí ẹrù rù. Jókòó, gbé orí sílẹ̀ fún onídìrí. Á fi ìka mẹ́ta fa irun iwájú títí ìpéǹpéjú rẹ á fi gbéra. Bó o bá ṣì lè dijú, kò tíì le tó.

“Àǹtí, ó ń dùn mí o.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó máa rọ̀ tó bá di ọ̀la.”

Lo parasítámọ́ọ̀lù méjì, kó o sì dojú bolẹ̀ sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, kókó wẹ́wẹ́ olórí funfun á ti tò yí iwájú orí rẹ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Dídì náà wọra nìyẹn. Má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé àwa nìkan là ń jẹ ìyà yìí: láti 1907 ló ti wà nínú ìwé ìṣègùn pé irun dídì tó le ń ṣí iwájú orí àwọn obìnrin Greenland. Àwọn tó wà nínú yìnyín fara dà á, ìwọ tó wà n'Íbàdàn ní ó ń dùn ọ́.

4. Má tètè tú u. Lo oṣù mẹ́ta. Bó bá ń yún ọ, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó o bá tú u, fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ yà á ní gbígbẹ, láti ìdí. Irun tó bá bọ́ sílẹ̀, gbá a mọ́ láìwò ó. Ọjọ́ yẹn náà ni kó o tún un dì.

5. Bí iwájú orí bá ń fẹ̀, sọ fún onídìrí kó bẹ̀rẹ̀ láti ìka méjì sẹ́yìn. Tó bá tún yá, ìka mẹ́rin. Fi tìróò kun ibi tó ṣófo. Dókítà awọ ara lè sọ pé bó o bá tètè jáwọ́, irun náà á padà hù, àmọ́ bó bá pẹ́, kò ní hù mọ́. Di apá kejì yẹn mú: ibi tí irun ò bá ti hù mọ́, o ò ní náwó rìlásà síbẹ̀.

6. Ra wíìgì tó kan bàdí. Fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwọ̀nba irun tó kù. Bó o bá fẹ́ yọ ọ́, fà á lẹ́ẹ̀kan náà. O ti ní irun tó kan bàdí, oṣù Kejìlá ò sì tíì dé.

7. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wé gèlè lé e.

8. Bó o bá tún ń lọ sọ́dọ̀ onídìrí lọ́jọ́ Sátidé, mú ọmọ rẹ obìnrin dání. Ó ti pé ọdún mẹ́rin, irun iwájú rẹ̀ ṣì pé, owó ọmọdé ò sì tó ti àgbà.