Ẹyẹ Tó Yẹ Ilé Erin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Odídẹrẹ́ onírù pupa, ó wá dúró sórí ilé kan ní Ìrẹ́mọ, ní Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko sílẹ̀ wá gbé ìlú, Erin ló kọ́kọ́ gbọ́n. Ó ra ilẹ̀ ní Ìrẹ́mọ, àdúgbò tí Ọbalúfẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ó kọ́ petẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Ẹ má bi mí bí Erin ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Onílé kì í gun àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ló ti ń pariwo. Láti ọdún 1967 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó kúrò ní Ìbàdàn wá sílé, yàrá kì í tó ní ìlú yẹn, Erin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó la páálọ̀ sí yàrá méjì, ó la yàrá méjì sí mẹ́rin, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi dá wọn. Tí Òkété bá ń pa ẹkùrọ́ ní ìsàlẹ̀, Ewúrẹ́ tó wà lókè á ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òun. Fúlàátì ni Erin ń pè é. Àwọn ará Rẹ́mọ máa ń sọ pé Ìrẹ́mọ yìí ni ìran àwọn ti ṣí lọ; wọn kò sọ fún wa bóyá owó ilé ló lé wọn.

Ìjàpá jẹ owó ilé oṣù méje. Tí Erin bá ti ń bọ̀, Ìjàpá á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Yánníbo á jáde, á ní baálé òun kò sí nílé. Títí ó fi di ọjọ́ kan tí Yánníbo kúnlẹ̀, ó ní, "Baálé mi, irọ́ yìí ti gbó mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa pa á."

Ìjàpá ronú. Ó ní odídẹrẹ́ ló kù tí òun máa rà. Odídẹrẹ́ á máa dá onílé lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdọọdún, ìyẹ́ rẹ̀ á máa já fúnra rẹ̀, ìyẹ́ ìrù tó pupa yẹn ni ìkóóde, àwọn tí wọ́n bá sì tẹ̀ ní Ifá kò lè ṣe kí wọ́n má fi sí iwájú orí. Ẹyẹ kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì, kò sì ní gba owó oṣù. Ìjàpá yọ̀ títí, ó gbàgbé pé òun kò tíì jẹun.

Ó lọ bá Àgbìgbò. Àgbìgbò tí ẹ mọ̀ nígbà kan pé ó ń ru pósí kiri ti yí iṣẹ́ padà, àgò ẹyẹ ló ń rù báyìí. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni, pé ti ẹyẹ kàn nílò ihò díẹ̀ sí i ni.

"Irú ilé wo lẹ ń gbé?" Àgbìgbò bi í.

"Fúlàátì."

"Ẹ mú kékeré." Ó gbé ẹyẹ tíńtín kan jáde, aláwọ̀ ewé, ará Ọsirélíà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ológoṣẹ́ lọ. Ariwo rẹ̀ kì í la ògiri kọjá. Ọkà díẹ̀ ti tó o, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló sì ń lò láyé. Ká sọ tòótọ́, tó bá jẹ́ èmi tí mò ń pàlọ́ yìí ni, tí mo sì ń gbé ilé pákó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa sanwó tí mo máa lọ sílé.

"Ṣé ó lè sọ pé mi ò sí nílé?"

"Ó lè gbìyànjú, àmọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Onílé ò ní gbọ́."

"Gbé e padà."

Àgbìgbò gbé òmíràn wá, ará ilẹ̀ ọ̀dàn láti Sẹ̀nẹ̀gà wá títí dé ìhà òkè ọ̀hún, orí rẹ̀ jọ eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ewé, ikùn rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Kì í pariwo púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìjàpá wo ìdí rẹ̀. Ìrù kò pupa. "Gbé e padà." Àgbìgbò gbé ẹ̀kẹta wá, funfun báláú, ó ní ogbe lórí. Ìyẹn ké lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tó wà ní Lágéré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Odídẹrẹ́ wà ní igun, kò tíì sọ nǹkan kan. Ìrù rẹ̀ pọ́n. Ìjàpá na ọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ ò yàn mí," Odídẹrẹ́ wí. "Èmi ni mò ń yàn. Ẹ jókòó, mo ní ìbéèrè. Ṣé ẹ gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Johannesburg lọ́dún 2016, tí wọ́n fòfin de kíkó àwọn ẹbí mi nínú igbó lọ tà sí òkèèrè? Ní Gánà nìkan, láti ọdún 1992, nínú 100 wa, ó kéré tán, 90 ti pòórá."

Àgbìgbò wúkọ́. "Ìrẹ́mọ kì í ṣe Johannesburg. Ibi tó sì ń lọ yìí kì í ṣe òkèèrè."

"Òótọ́ lẹ sọ. Àwa púpọ̀ la jọ wà nínú àpótí yín nígbà tí ẹ ń gbé wa bọ̀. Èmi nìkan ni mo jáde."

Ìjàpá yán. Ó ní ìbéèrè dà.

"Kí lẹ fi ń dín ẹyin?"

"Páànù tuntun tí Yánníbo rà, tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́."

"Tí irú páànù yẹn bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ á ti pa mí kí ẹ̀yin tó gbọ́ òórùn. Ṣé ẹ ó ta á?"

"A ó ta á."

"Ṣé ẹ máa ń jẹ píà?"

"Gidigidi."

"Májèlé ni fún mi."

"A ti jáwọ́."

"Wákàtí 10 sí 12 ni mo máa ń sùn, nínú òkùnkùn."

"Òkùnkùn?" Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Èyí tí NEPA ń fún wa nìkan á tó ẹ."

"Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ lémi nìkan látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹ́ ara mi ni mo máa ń fà tu."

Ojú Ìjàpá dán. "Ìyẹn náà kò burú."

"Paríparì rẹ̀, ẹni tó bá tọ́jú mi dáadáa, mo lè bá a lo 50 ọdún. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó ilé yín, bàbá. Ta ni yóò gbà mí tí ẹ bá kú?"

Ìjàpá na ọrùn jáde pátápátá. "Ṣé o mọ Alàgbà, tó gbé ní ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó kú lọ́dún 2019? Àwọn ará ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé. Ẹbí mi ni." (Àwọn onímọ̀ ẹranko ní iye ọdún yẹn kò ṣeé gbà gbọ́. Ní tèmi, mi ò sí níbi ìkómọ.)

Odídẹrẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Nínú gbogbo ẹranko tó ti wá wò ó, èyí nìkan ni kò ní tètè kú. Ó fò, ó bà lé Ìjàpá lẹ́yìn, wọ́n ń lọ sílé. Àwìn ni Ìjàpá rà á.

Látàárọ̀ títí dalẹ́ ni Ìjàpá ń kọ́ ọ: "Ìjàpá ò sí nílé. Ó ti lọ sí Oǹdó." Ẹ̀kọ́ náà kò le. Odídẹrẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Alex, tí ọ̀mọ̀wé Irene Pepperberg kọ́ fún nǹkan bí 30 ọdún. Kó tó kú lọ́dún 2007, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lé ní 100, ó ń dárúkọ àwọ̀, ó ń ka nǹkan. Kí wá ni Oǹdó máa ṣe fún irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ohun tí Ìjàpá kò kọ́ Odídẹrẹ́, ó ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti ara ògiri. Ó mọ bí fóònù Ewúrẹ́ ṣe ń dún. Ó mọ bí jẹnẹrétọ̀ Ajá ṣe ń hó kó tó gbiná. Ní ọ̀sán gangan, ó pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" ní ohùn ọmọdé, gbogbo ilé gbé ṣájà sáré lọ sídìí ògiri.

Ọjọ́ Sátidé, Erin dé. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìjàpá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara tù ú.

"Ìjàpá ò sí nílé," Odídẹrẹ́ wí. "Ó ti lọ sí Oǹdó."

Ohùn Ìjàpá gan-an ni. Ikọ́ Ìjàpá wà nínú rẹ̀, imú fínfín rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Erin dúró gbagidi. "Ìjàpá, ṣé ìwọ lo ń sọ fún mi pé o ò sí nílé?"

Kẹ́kẹ́ pa. Odídẹrẹ́ kò fẹ́ràn ilé tó bá dákẹ́. Ó na apá, ó fi orin sí i:

Lílé: Ìjàpá ò sí nílé o
Ègbè: Ògiri létí
Lílé: Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Oǹdó wà
Ègbè: Ògiri létí
Lílé: Yánníbo bèèrè owó ilé
Ègbè: Ògiri létí
Lílé: Ó wà níkòkò èlùbọ́
Ègbè: Ògiri létí, ògiri ń gbọ́.

Ta ló ń gbè é? Gbogbo ilé ni, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Pákó kò dá orin dúró. Erin wọlé, ó ti ọwọ́ ìjà rẹ̀ bọ ìkòkò, ó ka owó oṣù méje, ó bu èlùbọ́ díẹ̀ sí i fún owó ọkọ̀. Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi tutù. Ó ní ẹyẹ yìí ni ẹyẹ, pé kò sí irú rẹ̀ fún ilé tí èèyàn pọ̀ sí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àsìkò tí odídẹrẹ́ máa ń pariwo jù, ó tún bẹ̀rẹ̀:

Lílé: Ewúrẹ́ ń ta gààrí o
Ègbè: Ògiri létí
Lílé: Kóńgò rẹ̀ nídìí méjì
Ègbè: Ògiri létí
Lílé: Ajá ọdẹ ń gbowó oṣù
Ègbè: Ògiri létí
Lílé: Ó ń hanrun títí ilẹ̀ fi mọ́
Ègbè: Ògiri létí, ògiri ń gbọ́.

Lọ́jọ́ yìí, ègbè kò pọ̀ mọ́. Ìjàpá nìkan ló ń gbè é, ó sì ń jó sí i.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé ayálégbé. Ewúrẹ́ ní ẹyẹ náà ń ba àlàáfíà ilé jẹ́. Ajá ní òun kò rí oorun sùn, gbogbo wọn sì wò ó. Wọ́n ní kí Bàbá Onílé dá sí i. Erin dìde, ó ní òtítọ́ dára, pé ní ti òun, òun kò ní nǹkan kan tí òun ń fi pamọ́. Ibẹ̀ ni ohùn Erin ti tún jáde láti orí fèrèsé: "Ẹ jẹ́ kó di January. Mà á fi ìlàjì lé owó ilé. Wọ́n á pariwo, wọ́n á san án."

Erin jókòó. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀bọ ni akọ̀wé. Ó kọ ọ́ báyìí: ẹyẹ tó bá máa gbé ilé yìí gbọ́dọ̀ lẹ́wà, ìrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa, kó máa gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kó má gbọ́rọ̀. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, Ìjàpá náà fọwọ́ sí i.

"Níbo ni kí n lọ?" Odídẹrẹ́ bi wọ́n. "Ìwó ń fi mí ṣe oríkì, àmọ́ oríkì kò ní ẹ̀ka tí mo lè bà lé."

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ onílé," Erin dáhùn.

Odídẹrẹ́ fò. Ó gba ojú Ẹnúwá kọjá, ó ń fi ohùn gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí Erin kò sọ ní ìpàdé. Ó ti fọ́nnu láàárín àwọn onílé ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé òun ní odídẹrẹ́, wọ́n sì ń bọ̀ wá wò ó. Ó pe Ìjàpá sí kọ̀rọ̀, ó ní kó bá òun wá òmíràn, èyí tó mọ̀wàá hù. Ìjàpá ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó gba ẹyẹlé eléérú kan lọ́wọ́ Àgbìgbò, àwìn náà ni, ó gún osùn, ó kùn ún nírù títí ó fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó gbé e sínú àgò, ó fi lé Erin lọ́wọ́.

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Bàbá Onílé, ó gbọ́n ju ìyẹn lọ."

Ẹyẹlé ní kúù. Inú Erin dùn, ó ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń kí òun kú ilé. Ó sanwó gọbọi. Ewúrẹ́ yìn ín, Ajá yìn ín, wọ́n ní ẹyẹ ọmọlúàbí rèé. Ìjàpá da owó rẹ̀ sínú ìkòkò èlùbọ́, ó sì ń fi ẹ̀yìn jó wọ yàrá.

January dé. Ọ̀bọ ń gbé ìwé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Owó ilé ti fi ìlàjì lé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ìlà kan kún un: owó ìtọ́jú odídẹrẹ́, yàrá kọ̀ọ̀kan, oṣooṣù. Erin ní ilé tó bá ní odídẹrẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé lásán.

Ìjàpá ya ẹnu pé ẹyẹlé ni. Ó pa á dé.

"Baálé mi," Yánníbo wí, "ẹ sọ fún wọn."

Ìjàpá wo Erin, ó wo ẹsẹ̀ Erin, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó wọlé lọ, ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò èlùbọ́, ó ka gbogbo rẹ̀ jáde. Kò tó. Wọ́n kọ èyí tó kù sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bíi gbèsè, Ọ̀bọ sì já rìsíìtì fún un. Ẹyẹlé ní kúù. Erin ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún odídẹrẹ́ wọn, Ìjàpá ló kọ́kọ́ pa á.