Bùrọ̀dá Schengen

Ẹ ò ní í pẹ́ dá a mọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú ní Madina, ní Accra, débi pé àwọn ewúrẹ́ Zongo Junction sá sábẹ́ tábìlì alátà, òun nìkan ni ẹ ó rí tó fi ìbòrùn wúùlù wé ọrùn. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ara rẹ̀ ò yá ni, á mí kanlẹ̀, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ojú ọjọ́ ibí yìí ò tíì bá mi lára mu padà ni o. Ẹ ṣáà mọ bí Amsterdam ṣe tutù tó." Ẹ má bi í pé ọjọ́ mélòó ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló balẹ̀, ọjọ́ Ajé ló gbéra padà, ìbéèrè yẹn ló sì ti da àárín òun àti àwọn kan rú ládùúgbò.

Bùrọ̀dá Schengen ni àwa Yorùbá Madina ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gba Ritz Junction lọ sí ọjà, ẹ ó bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Bí ẹ bá lọ síbi ìkómọ, òun ló jókòó sídìí fáànù. Òun kọ́ ló jápa, torí ẹni tó jápa kì í padà wálé lọ́jọ́ kẹrin. Òun kọ́ sì ni borga, ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, torí borga ṣiṣẹ́ kó tó fọ́nnu. Òun ni ẹni tó bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta kó owó jọ, tó sun oorun mẹ́ta ní Yúróòpù, tó wá ń fi oorun mẹ́ta náà joyè láti ìgbà náà.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kò jalè. Ẹni tó bá fi òógùn ojú rẹ̀ rí owó, ó lè lọ gbafẹ́ níbi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo bí ó ṣe lọ, ẹ tún bá mi wo ohun tó mú bọ̀.

Lórí físà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ń gba 90 Euro lọ́wọ́ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì sọ pé rárá, owó náà ti lọ nìyẹn. Wọ́n tún fẹ́ ìwé òtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, àti séétíméńtì báǹkì. Ti báǹkì ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, torí àkáǹtì Bùrọ̀dá Schengen kì í gba owó lálejò mọ́jú. Ó bá lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Adenta, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí owó àjọ wọn wá bá òun jókòó fún ìgbà díẹ̀. Owó wọlé, ó jókòó, wọ́n tẹ séétíméńtì jáde, kálukú wá gba tirẹ̀ padà. Lórí ìwé, ọlọ́lá ni Bùrọ̀dá. Ní ti gidi, ìyá rẹ̀ ló ń fún un lówó ọkọ̀ tírótíró lọ síbi tó ti lọ tẹ̀ka.

Ó kan ìwé adójútòfò ìlera. Òfin Schengen ní kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 Euro. Ó rà á láìjanpata. Ẹni kan náà yìí ni káàdì NHIS rẹ̀, ètò ìlera tí ìjọba Ghana fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2003, ti kú sínú àpamọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́, tí kò rántí lọ tún un ṣe. Bí ibà bá mú un ní Madina, agbo àti páràsítámọ́ọ̀ ló ń gbà á. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ara rẹ̀ fi níye lórí lọ́dún yẹn.

Aṣọ òtútù ńkọ́? Kantamanto ló ti rí i, ọjà òkìrìkà ńlá inú Accra, níbi tí bélì aṣọ tó ti sú àwọn òyìnbó ń bọ́ sí. Kóòtù dúdú kan tó gùn dé orúnkún ló yàn láàárín obroni wawu, bí wọ́n ṣe ń pe òkìrìkà níbẹ̀. Kóòtù yìí ti rìn nílùú òyìnbó rí kí wọ́n tó dì í ní bélì, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ òkun gbé e wá sí Tema. Nígbà tó tún gbé Bùrọ̀dá padà lọ, kóòtù nìkan ló mọ̀nà nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ mẹ́rin kì í rin irú ìrìn-àjò báyìí láìpín oyè. Ọ̀kan ni Àgbà Káàdì, ẹni tí káàdì báǹkì rẹ̀ ṣiṣẹ́ lókè òkun, tí gbogbo wọn sì ń jẹ ní gbèsè. Ọ̀kan ni Olùtọ́nà, ẹni tí máàpù wà nínú fóònù rẹ̀, tó sì máa ń mú wọn ṣìnà pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ̀kẹta ni Ẹlẹ́bi, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa sọ pé ebi ń pa òun. Bùrọ̀dá Schengen ní tirẹ̀ ni Abẹnifọ́tò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yà. Ẹ sọ fóònù náà kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀yìn mi yẹn hàn." Ní Madina, ẹni tó bá pe èèyàn síbi kẹ́ńkẹ́ ló ń sanwó. Ní Amsterdam, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó omi. Ọ̀rọ̀ ìgò omi kan ṣoṣo gba òru ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi èdè Twi bẹ̀rẹ̀ ìjà, wọ́n fi Yorùbá parí rẹ̀, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ká ka baba ẹni mọ́ ọn, èdè abínibí ló ń yọ.

Kí ni wọ́n wá rí? Wọ́n dé ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Van Gogh. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí èèyàn máa wọlé. Wọn ò rà á. Wọ́n ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dé Rijksmuseum, níbi tí àwòrán ńlá tí Rembrandt parí lọ́dún 1642 wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìṣọ́ Òru. Wọ́n wo iye owó ìwọlé, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí sídì, wọ́n sì gbà pé ara ògiri ìta ló dára jù fún fọ́tò. Bùrọ̀dá dúró sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti ya tirẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin irin ń tẹ aago fún un lọ́tùn-ún lósì, ó rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó ń juwọ́ sí wọn.

Ní ti oúnjẹ, ànàmọ́ díndín ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́bi fárí gá. Ni wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ lọ sí Bijlmer, ní gúúsù ìlà-oòrùn Amsterdam, níbi tí àwọn ará Ghana ti tẹ̀dó sí láti bí ogójì ọdún. Wọ́n bá fùfú níbẹ̀. Wọ́n bá ọbẹ̀ olómi níbẹ̀. Wọ́n bá màmá kan tó fi Twi bá wọn wí pé aṣọ wọn fẹ́lẹ́ jù. Láti ìgbà náà, gbogbo alẹ́ wọn, Bijlmer ni. Àmọ́ kò sí fọ́tò Bijlmer kan ṣoṣo lórí status WhatsApp. Odò àti afárá ló wà níbẹ̀. Inú ikùn ni fùfú wà.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Nítòsí Haarlemmerstraat ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní West-Indisch Huis. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀gá West-Indische Compagnie, ilé iṣẹ́ òwò tí àwọn ará Họ́láǹdì dá sílẹ̀ lọ́dún 1621, ti máa ń pàdé. Àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ náà ló gba ilé olódi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí lọ́dún 1637, ẹrú ni wọ́n sì ń kó gba ibẹ̀ lọ sókè òkun. Ọdún 1872 ni àwọn ará Họ́láǹdì tó fa ibẹ̀ lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Bùrọ̀dá Schengen fẹ̀yìn ti ògiri ilé yìí, ó na ìka méjì sókè, ó kọ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Ayé kúkú dùn." Wọ́n lọ sí Oosterpark pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni Ọba Willem-Alexander ti tọrọ àforíjì ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2023 lórí òwò ẹrú tí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe. Ohun tí Bùrọ̀dá sọ nípa ibẹ̀ ni pé koríko rẹ̀ tutù, ó dára fún fọ́tò.

Mo bi í pé ṣé ó ti dé Elmina rí. Ó ní rárá, ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ẹni tó bá jí kúrò ní Madina láàárọ̀ kùtùkùtù, á ti wà ní Elmina kí oòrùn tó kàn án látàrí.

Ohun tó máa ń gbé ẹnu rẹ̀ jù lọ ni ètò. "Ẹ̀gbọ́n, iná pupa tàn, kò sí ọkọ̀ kankan, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a ò ní làákàyè níbí." Àárín títì Madina sí Adenta ló ti ń sọ èyí fún mi, ó ń sáré gba iwájú tírótíró kọjá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ sì wà lókè orí rẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn ará Madina àti Adenta bọ́ sójú títì yìí, wọ́n dáná sun táyà, torí ọkọ̀ ti pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn jù, tí àwọn afárá náà sì wà níbẹ̀ bí egungun láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba tó parí wọn. Èèyàn kú kí afárá yẹn tó di afárá. Bùrọ̀dá ní àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Ó mú ẹ̀bùn bọ̀, ẹ má bínú. Páálí stroopwafel kan ni, bisikíìtì aládùn tí wọ́n ń tà ní pápákọ̀ òfuurufú Schiphol. Gbogbo agboolé ló pín in sí, a gbà á ní wẹ́wẹ́. Bó ti ń pín in ló ń sọ pé "lekker, lekker", ọ̀rọ̀ Dutch kan ṣoṣo tó kọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà Madina tọ́ tiwọn wò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o káre. Họ́láǹdì tí mo ń tà yìí, ṣé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é? Èló ni wọ́n ń ta bọ́ndù kan lọ́hùn-ún?" Bùrọ̀dá ò mọ̀. Kò mọ̀ pé ní Helmond, ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin ń dé láti Amsterdam kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ni ilé iṣẹ́ Vlisco wà láti ọdún 1846, tí orúkọ rẹ̀ wà létí aṣọ tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n, tí owó orí aṣọ náà sì rán an nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ ò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ìbéèrè wọn sì ti já fáfá ju ìdáhùn arìnrìn-àjò lọ.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn mí nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa tó wá sí ilẹ̀ yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìnísà àti Ṣakí, àjò ni wọ́n wá. Wọ́n kọ́ Ga, wọ́n kọ́ Twi, wọ́n kọ́ Hausa, wọ́n mọ ọjà tó ń yá ní Kumasi àti èyí tó ń yá ní Tamale. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana kéde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò rí gbà lọ́wọ́ wọn. Òun ni àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nílé, òun náà ni àwọn mìíràn fi padà wá, tí a fi wà ní Madina lónìí. Borga náà, ẹni tó lọ fọ abọ́ ní Hamburg nígbà tí nǹkan le ní Ghana, fọ́nnu títí, àmọ́ ilé búlọ́ọ̀kù wà lẹ́yìn ìfọ́nnu rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Bùrọ̀dá Schengen ti yí òwe náà sódì. Ó dé etí oko baba ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan, ó ya fọ́tò, ó sì padà wá sọ fún wa pé igbó lásán ni oko baba òun.

Ìwọ tó o ń kó owó jọ fún ìrìn-àjò Disẹ́ńbà tó ń bọ̀, lọ, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n tẹ físà fún ọ. Bó o bá débẹ̀, má dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Bá ìyá rẹ bèèrè iye ọjà. Jẹ fùfú rẹ ní gbangba. Bó o bá padà dé, lọ tún káàdì NHIS rẹ ṣe, kó o wá Elmina lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Bó o bá sì ń lọ sí ọjà Madina, gba orí afárá. Wọn kì í béèrè físà níbẹ̀.