Ta Ló Ni Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé?

(Òkìtìpupa, àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Òkúdù. Òjò òru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàbá Tíṣà, onílé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ńlá. Ìyá Túnrayọ̀, ayálégbé tó gbin gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.)

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ọjà lẹ ń kó wọn lọ ni?

BÀBÁ TÍṢÀ: Káàárọ̀. Ṣé èèyàn ò tún gbọdọ̀ já ewé lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ ni?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ilẹ̀ ni tiyín, ẹ̀fọ́ ni tèmi. Ẹ̀ẹ́, Bàbá! Kí ni mo ń rí lábẹ́ ṣọkọ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn?

BÀBÁ TÍṢÀ: Gbòǹgbò ni. O ò rí gbòǹgbò rí?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Mo rí i rí, nínú ilẹ̀. Ṣé ẹ̀gẹ́ ni ṣọkọ tí ẹ fi ń hú u? Orí rẹ̀ là ń rẹ́. Ká fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, yóò yọ ẹ̀ka lọ́tùn-ún lósì, a ó sì máa padà wá rẹ́ ẹ. Èyí tẹ́ ẹ hú yìí, ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló mọ.

BÀBÁ TÍṢÀ: Irọ́! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú mi báyìí lo ṣe ń fa tẹ̀tẹ̀ tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Tẹ̀tẹ̀ tó há mọ́ra ni mo ń fà, kí ìyókù lè ráyè sanra. Tẹ̀tẹ̀ kì í sì í pẹ́: ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti tó jẹ.

BÀBÁ TÍṢÀ: Òfin kan fún tẹ̀tẹ̀, òfin kan fún ṣọkọ. Ilé ẹjọ́ wo ló ṣòfin yìí?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ilé ẹjọ́ ikùn. (Ó yíjú.) Yéè! Ta ló bọ́ úgú mi láṣọ?

BÀBÁ TÍṢÀ: Mo kàn mú èyí tó tóbi níbẹ̀ ni.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ṣé gbogbo wọn ló tóbi? Ẹ wo okùn lásán! Ewé yẹn ló fi ń gba oúnjẹ lára oòrùn. Ẹ já a tán, ẹ febi pa á nìyẹn. Ọ̀mùnú orí rẹ̀ là ń gé, ká wá fi ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 sílẹ̀ fún un kó tún rú. Abo tiẹ̀ rèé! Òun ló ń so, akọ kì í so.

BÀBÁ TÍṢÀ: Úgú tún ní akọ àti abo?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì?

BÀBÁ TÍṢÀ: Má fiṣẹ́ mi ṣẹ̀sín! Èmi tí mo mọ orúkọ tí ewúro ń jẹ́ nínú ìwé! Vernonia! Orúkọ òyìnbó ará Ìlú Ọba kan, William Vernon, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọkùnrin náà wá ewéko dé Maryland ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1698!

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ṣé ó fọ ewúro rí?

BÀBÁ TÍṢÀ: Onímọ̀ ewéko ni!

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Kò fọ̀ ọ́ rí nìyẹn.

(Ẹ má bínú sí Bàbá. Ẹni tó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ewéko sójú pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń ṣe é bíi pé òun ti roko rẹ̀ nìyẹn.)

BÀBÁ TÍṢÀ: Efinrin ńkọ́? Mi ò ba ìyẹn jẹ́. Òdòdó rẹ̀ dùn-ún wò, mo fi í sílẹ̀, ewé nìkan ni mo já.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Òdòdó yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gé! Tí efinrin bá ti gbájú mọ́ èso, ewé rẹ̀ á kéré, á sì le. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Ṣé inú ń run yín ni?

BÀBÁ TÍṢÀ: (Ó ń wolẹ̀.) Ọbẹ̀ ni. Efinrin àti marúgbó.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ọbẹ̀ dúdú! Ta ló ń bọ̀?

BÀBÁ TÍṢÀ: Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ láti Èkó lọ́sàn-án yìí. Ó ní láti Kérésì lòun ò ti rí marúgbó gidi fi jẹ pupuru. Ọmọ Ìkálẹ̀ ṣáà ni.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Kí lẹ wá sọ fún un?

BÀBÁ TÍṢÀ: Mo ní... ó wà lẹ́yìnkùlé.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Òótọ́ ni. Kí lẹ tún sọ?

BÀBÁ TÍṢÀ: Mo ní... èmi ni mo gbìn ín.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Háà!

BÀBÁ TÍṢÀ: Gbogbo ọgbà ni mo pè ní tèmi. Látorí ewúro títí dórí úgú. Mo tiẹ̀ ní ìdí ń ro mí nítorí ẹ̀.

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: (Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.) Bàbá, mi ò ní tú yín fó. Àmọ́ òrùlé ilé ìdáná mi ń jò. Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń sọ pé káfíńtà ń bọ̀.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ó ń bọ̀ lóòótọ́!

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ṣé Kútọnu ló ń gbà bọ̀ ni? Àárọ̀ Mọ́ńdè ni kó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó bi yín lójú ọmọ yín: ewúro, ṣé hóró rẹ̀ lẹ gbìn ni àbí igi?

BÀBÁ TÍṢÀ: ...Hóró?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ẹ ò rí i! Igi rẹ̀ ni mo gé tì bọlẹ̀.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ó ti tó, ó ti tó! Mọ́ńdè. Ó wá ku kí ni?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn kalẹ̀. Èmi ni n ó fọwọ́ mi gé marúgbó àti efinrin. Ṣọkọ tẹ́ ẹ hú, òní la máa sè é, kò ní dọ̀la kó tó rọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan úgú mọ́ títí oṣù yìí á fi parí.

BÀBÁ TÍṢÀ: Èmi onílé ńkọ́? Kí ni kí n máa ṣe?

ÌYÁ TÚNRAYỌ̀: Ewúro nìyẹn, omi nìyẹn, iyọ̀ nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o, ẹ̀yin ṣáà lẹ gbìn ín.