Ìjàpá Alága Ẹgbẹ́ Olùdáàbòbò Ẹranko

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, nígbà tí ó di ará New Cross.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti New Cross Gate lọ sí Brockley, ẹ ó ti rí kòtò gígùn kan tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, tí igi bò ó lọ́tùn-ún lósì. Ní 1809, ọkọ̀ ojú omi ló ń ná agbègbè náà, lórí odò àgbẹ́dá tí wọ́n gbẹ́ lọ sí Croydon. Kò mówó wọlé. Wọ́n pa á tì ní 1836, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin ra ilẹ̀ náà, wọ́n wa kòtò, ọkọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1839. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni amọ̀ ya láti òkè, tó bo ojú irin. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n sọgbà yí ibẹ̀ ká, ó sì di pé òṣìṣẹ́ reluwé nìkan ló ń dé ibẹ̀. Èèyàn ò ráyè wọlé, igi ráyè hù. Kì í ṣe àánú ẹranko ló dá igbó yẹn sí o. Ọgbà ni.

Inú igbó náà ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbé, ẹni tí eegun adìẹ díndín tí àwọn èèyàn ń jù sílẹ̀ ní New Cross Road ń bọ́. Àdán wà níbẹ̀. Alángbá aláìlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí gbogbo àlejò ń pè ní ejò. Ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú àti Ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé wà lókè igi. Nísàlẹ̀, lábẹ́ ìtì igi óákù kan tó ti ń jẹrà, ni Ìyá Oníwo ń gbé, kòkòrò dúdú ńlá. Ọkọ rẹ̀ ló kúkú ni ohun tí wọ́n ń pè ní ìwo, ẹnu rẹ̀ ló gùn síta bí ìwo àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé orúkọ ọkọ ni obìnrin ń jẹ́ ní ìlú yìí.

Wọn kì í ṣe ìpàdé. Wọn ò ní alága. Kálukú ń jẹ, kálukú ń sùn.

Ìjàpá wá dé. Inú àpò ẹrù ló bá dé láti Èkó, láàárín ẹ̀lúbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Ẹni tó gbé e wá fẹ́ fi í se ọbẹ̀, kò sì sí aṣọ́bodè tó tú ẹrù náà wò. Ìgbà tí wọ́n ṣí àpò, Ìjàpá já, ó yọ́ gba abẹ́ ọgbà wọnú igbó. Kò pẹ́ tí Yánníbo fi dé, òun bá ìwé ọkọ rẹ̀ wọlé.

Ìjàpá wo igbó títí, ó mi orí. Ó ní: “Ibi tó dára tó báyìí, kò ní ẹgbẹ́? Òyìnbó ń náwó lórí ẹranko, ẹ̀yin ẹranko ò wá gbà á!” Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Ẹgbẹ́ Olùdáàbòbò Ẹranko Gbogbo Àgbáyé, Ẹ̀ka New Cross, ti fìdí múlẹ̀. Ìjàpá ni alága. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni akọ̀wé, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni akápò, Ayékòótọ́ ni alukoro.

Ìpàdé kìíní, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde, ó tún ìrù ṣe, ó ní ilẹ̀ yìí ilẹ̀ àwọn baba òun ni, pé àtọ̀húnrìnwá ti pọ̀ jù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Amẹ́ríkà mà ni wọ́n ti kó àwọn baba Ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú wá, ní nǹkan bí 1876, àwọn ló sì gba ilẹ̀ mọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tí wọ́n bá nílé lọ́wọ́. Ayékòótọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ńkọ́? Àwọn baba tirẹ̀, láti Índíà àti Áfíríkà ni, nínú àgò. Wọ́n dìbò, wọ́n ní kí ẹni tó bá ti san owó ẹgbẹ́ di ọmọ onílẹ̀.

Ó kan iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Ìjàpá ní ẹgbẹ́ tí kò ní gbọ̀ngàn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n gé igi óákù mẹ́ta, kí wọ́n kó gbogbo igi jíjẹrà dànù, kí wọ́n sì tẹ́ koríko oníke tí kì í kú síbẹ̀.

Alángbá aláìlẹ́sẹ̀ rọra gbé orí sókè, ó ní òfin 1981 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pa irú òun.

Ìjàpá ní: “Ta ló ń pa yín? A fẹ́ dáàbò bò yín ni.”

Ìyá Oníwo bọ́ síwájú. Inú igi jíjẹrà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin sí. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ lè lo ọdún mẹ́ta sí méje nínú òkùnkùn, kó máa jẹ igi díẹ̀díẹ̀, kó tó gúnyẹ̀ẹ́, kó sì wá rí oòrùn fún oṣù mélòó kan péré. Apá gúúsù London yìí wà lára ibi tí irú wọn ṣì pọ̀ sí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọrin:

Lílé: Alága, má kógi mi o
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Ọdún márùn-ún ni mo fi jẹ̀
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Kí n tó ní ìyẹ́ tí mo fi fò
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Ilé mi lẹ̀ ń pè ní pàǹtí o
Ègbè: Jáńjan kínrin

“Ẹ mú sùúrù, Màmá,” ni Ìjàpá wí. “A máa fi orúkọ yín sọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀ngàn wa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n gba gbọ̀ngàn kan ní Old Kent Road. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé ni wọ́n mú, gèlè Ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ̀ débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ò rí alága. Àlejò pàtàkì ni Akíka, tí wọ́n fìwé pè láti igbó Ọ̀mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ rẹ̀ wà lórí àga níwájú. Àga náà ṣófo.

Ìjàpá mú máíkì. Ó ní ojú ẹ̀dá kan ń rí màbo lábẹ́ ọ̀run, Akíka ni. Ìkamùdù àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rù bá bà á, a ká ara rẹ̀ kò bí òṣùká, eyín ẹkùn ò sì ní ràn án, àmọ́ ọmọ èèyàn á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e jù sínú àpò. Wọ́n ń kó ìpẹ́ rẹ̀ gba Èkó lọ sí ìlú àwọn Ṣáínà fún oògùn, bẹ́ẹ̀ ìpẹ́ ọ̀hún kò yàtọ̀ sí èékánná yín. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Johannesburg, wọ́n ní òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti ilẹ̀ kan sí èkejì ti di èèwọ̀. Omijé bọ́ lójú alága. Ó nu ojú, ó bu ọbẹ̀ ata mu.

“Akíka náà ńkọ́?” ni Àdán bi í láti òkè àjà.

“Ó ti wọ̀lú,” ni Ìjàpá dáhùn. “Kódà, ó ti wà láàárín wa.”

Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sọ. Àwọn ìbátan Ìjàpá ló lọ pàdé Akíka ní ibùdókọ̀ nílé lọ́hùn-ún, tìwé ìpè tìwé ìpè lọ́wọ́ rẹ̀. Inú àpò ẹrù lòun náà bá dé, ṣùgbọ́n òun kò já.

Ìyá Oníwo bà sétí àwo kan láti sinmi. Ó rí nǹkan pẹlẹbẹ kan, ó dán, ó le, etí rẹ̀ mú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fò lọ sídìí máíkì:

Lílé: Ẹ bá mi pe Akíka o
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Orúkọ rẹ̀ wà lórí àga
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Ìpẹ́ rẹ̀ wà nínú àwo
Ègbè: Jáńjan kínrin
Lílé: Itan rẹ̀ wà lẹ́nu alága
Ègbè: Jáńjan kínrin

Inú gbogbo wọn dùn! Onígángan gba orin náà. Ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ná ìyá ní páún márùn-ún márùn-ún, wọ́n ń jó yí ìkòkò ká, wọ́n ń gbè é kíkankíkan, Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló ń jó níwájú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nìkan ni eyín rẹ̀ kọ́ nǹkan líle kan. Ó tu ú sọ́wọ́. Ó wò ó, ó wo àga tó ṣófo, ó figbe ta.

Ilé dàrú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ò jẹ ẹran, omi ọbẹ̀ lòun mu. Ayékòótọ́ tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ní ohùn òun ti há. Ìjàpá ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, òun yóò jẹ́ alága rẹ̀. Kí wọ́n tó pa ohùn pọ̀, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde pẹ̀lú àpò owó.

Nítorí pé owó ti lọ, agégi ò rí àsansílẹ̀ gbà, kò sì wá. Igi óákù wà ní ìdúró, ìtì jíjẹrà wà nílẹ̀, ẹyin Ìyá Oníwo wà nínú rẹ̀. London Wildlife Trust ló ń tọ́jú igbó náà báyìí, wọ́n ti ẹnubodè rẹ̀ pa, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣí i fún èrò lọ́dún.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ẹ ń rí lóru tó ń tú àpò ìdọ̀tí ní ojúde yín, ẹ má lé e. Ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ ló ń wá. Ìjàpá ní tirẹ̀ ti kọjá sí Peckham Rye. Mo gbọ́ pé ó ti ní akọ̀wé, akápò ló kù.