Ọ̀gbẹ́ni Mo-mọ-Èkó-lójúlé-dójúlé

Kò sí àlejò tí ó lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ìbáà ṣe ará Ìbàdàn tàbí ará Ìlọrin, ìbáà ṣe aṣọ ni ó wá rà tàbí ìran ni ó wá wò, kí Ọ̀gbẹ́ni Mo-mọ-Èkó-lójúlé-dójúlé má tètè dá a mọ̀ láti ara bí ó ti ń wo òkè ilé, kí ó sì má rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ káàbọ̀ sí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn, ọ̀gá mi.”

Kì í bèèrè owó. Kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kì í fẹ́ kí ó dilẹ̀. Kí ẹ tó la àárín àwọn oníléèsì Balógun kọjá, ó ti rántí obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dùn nídìí ẹ̀wà aganyìn. Bí ẹ bá sì dé Pópó Àgùdà, yóò máa ṣàlàyé bí àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsílì bọ̀ ṣe mú fùrèjọ́n wálé, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde, àlàyé náà kò sì ní parí títí àlejò yóò fi bi í bóyá ebi ń pa á.

Òtítọ́ ni ti fùrèjọ́n o. Ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894 níṣojú Gómìnà Carter, bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ru amọ̀ rẹ̀; bí Ẹ̀yọ̀ ti ń jáde láyé àtijọ́, bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀páńbàtà ṣíwájú; bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ohùn ọkùnrin yìí yóò gbọ́ Èkìtì níbẹ̀ ketekete.

Nídìí ìlù ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pé. Bí onígángan bá yọ ní Campos, òun ni yóò kọ́kọ́ ju apá ju ẹsẹ̀, tí yóò sì sọ orúkọ àlejò sí onílù létí. Àlejò tí ó lójú tí kò fi ríran, bí ó ti gbọ́ tí ìlù ń pe bàbá rẹ̀ lọ́lọ́lá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í náwó bí ẹni pé àpò náà kò nídìí. Òun àti onílù a pín in nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá sí Èkó, ẹ jẹ́ kí ó mú yín rìn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ọbẹ̀ ti dùn tó o. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó yín kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ sínú ìwé.